Mémoire lórí ìròyìn òde òní, ọmọ kékeré nílé

Nínú mémoire, ìyẹn ìwé ìwádìí téèyàn fi ń parí master, yíyan orí-ọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tó ní ọmọ ọdún méjì nílé, tó wá lọ mú ìròyìn tó ṣì ń gbóná lórí Facebook ṣe iṣẹ́ master, ọ̀gá méjì ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibà ọmọ kì í ránṣẹ́ síwájú kó tó dé. Status WhatsApp náà, wákàtí 24 ló ń lò kó tó pòórá. Bí ẹ bá lágbára láti yàn, ẹ mú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tó sì ti parí. Ní 2018, ìjọba Benin fi owó-orí CFA 5 lé mẹ́gà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo ta, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Bí ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ṣe kọ ọ́ sórí bébà, àti bó ṣe gbé e sójú ewé Facebook rẹ̀, ti tó mémoire. Ẹni tí rédíò wù lè mú Òfin 97-010 ti Benin, ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 1997, tó ṣílẹ̀kùn rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fún aládàáni.

Àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni èyí rọrùn fún jù, torí Bibliothèque nationale, ilé ìkàwé ìjọba, wà ní àdúgbò Wándò, Archives nationales, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba sí, náà sì wà nílùú. Ará Kétu àti ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò jọ sínú ìrìn-àjò kan, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ẹ mú lẹ́tà olùtọ́nisọ́nà yín dání, ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya àwòrán. Ìwé ìròyìn àtijọ́ fẹ́lẹ́. Lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yọ síwájú. Bébà dúdú kan tẹ́ ẹ bá tẹ́ sábẹ́ ojú ewé náà á mú kó ṣeé kà nínú àwòrán.

Bó bá jẹ́ pé ìròyìn tó ń lọ lọ́wọ́ ló pọn dandan, ẹ má kó tojoojúmọ́. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ àkànpọ̀: ẹ ṣẹ́ kèké mú ọjọ́ Ajé kan nínú gbogbo ọjọ́ Ajé oṣù mẹ́ta, Ìṣẹ́gun kan nínú gbogbo Ìṣẹ́gun, títí dé ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ méje náà á fọ́n ká, kò ní sí ọ̀sẹ̀ tó máa dá yín dùbúlẹ̀. Fún ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ti odidi ọdún kan, ọ̀sẹ̀ àkànpọ̀ méjì ni àwọn olùṣèwádìí sábà ń lò. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ òfin àrọ́pò sílẹ̀ ṣáájú: bí ara ọmọ ò bá yá ní Ìṣẹ́gun tí kèké mú, Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ló rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe Ọjọ́rú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe òfin lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti dé, wọ́n á bi yín lọ́jọ́ soutenance, ìyẹn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbèjà mémoire níwájú àwọn olùkọ́, ìdí tẹ́ ẹ fi ṣa ọjọ́ tó wù yín.

Iṣẹ́ ọwọ́ wà, iṣẹ́ orí wà. Yíya ojú fóònù, kíkọ àdírẹ́sì sílẹ̀, kíkún tábìlì Excel: ẹni tó pọn ọmọ lè ṣe wọ́n. Kíka ìwé àwọn onímọ̀, pípín ìròyìn sí ìsọ̀rí àti kíkọ: ọmọ tó jí kò ní gbà. Ẹ fi aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà àárọ̀ ṣe ìyẹn, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́fà nìyẹn. Ẹ má fi ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ ya àwòrán.

Fún ìròyìn Facebook kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àdírẹ́sì, ọjọ́ àti aago tó jáde, aago tẹ́ ẹ rí i, iye ìfẹ́ràn àti ìdásí, kẹ́ ẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Iye yẹn kì í dúró. Ohun tó jẹ́ 40 láàárọ̀ lè di 300 lálẹ́, torí náà ẹ ka gbogbo wọn lẹ́yìn àkókò kan náà, bíi wákàtí 48. Ojú ewé wẹ́ẹ̀bù lásán, ẹ lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú web.archive.org kó tọ́jú ẹ̀dà. Ti Facebook kì í sábà gbà, àwòrán ni ẹ̀rí yín. Ẹ fi ọdún síwájú orúkọ fáìlì, bíi 2018-09-03_fb_01. Ẹ má sì kọjá àkókò tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún kíkó o, torí Facebook tẹ́ ẹ ń ṣèwádìí lé lórí náà ló ń jẹ àkókò yín.

Rédíò wọ́n ju bó ṣe rí lọ. Wákàtí kan ọ̀rọ̀ ẹnu lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ kò sì tíì mọ ohùn Yorùbá dáadáa. Ẹ kọ apá tó kan ìbéèrè yín nìkan. Bí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ẹ fi sí ipò ọkọ̀ òfuurufú kí ìpè má bàa gé e.

Aago méjìlá ọ̀sán ló ń ba gbogbo ètò jẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé ń tú ká ní méjìlá, ó ń padà ní mẹ́ta; ẹni tó ti Àjàṣẹ́ lọ sí yunifásítì ní Calavi kò lè padà wá mú ọmọ. Ẹ bá ìyá àgbà tàbí aládùúgbò ṣe àdéhùn, kẹ́ ẹ wá ẹnìkejì tó lè dípò rẹ̀. Kí olùkọ́ mọ ojú àwọn méjèèjì. Ẹ má rán zémì nìkan. Ẹ fún wọn lówó oúnjẹ àti zémì ti gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ìyá àgbà bá ń ná ọjà Wándò ńlá, ẹ rántí pé ọrọọrún ni, kò bá ọ̀sẹ̀ ilé ìwé rìn, kẹ́ ẹ sàmì sí i.

Bí wọ́n bá fún yín lọ́sẹ̀ 16, ẹ pète fún 12. Mẹ́rin tó kù, ti ibà ni. Ẹ fi ojú ewé méjì ránṣẹ́ sí olùtọ́nisọ́nà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì dípò orí odindi.

Ọmọ á fọwọ́ kan fóònù, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè dá a dúró. Android ní ètò kan lábẹ́ ààbò tó ń kan app kan mọ́ ojú fóònù. Ẹ kan app eré ọmọdé mọ́ ọn, kí ọmọ má bàa pa ẹ̀rí yín rẹ́. Google Drive ń fúnni ní GB 15 lọ́fẹ̀ẹ́; níbi tí wifi bá wà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ láti ẹgbẹ́ WhatsApp, ẹ pa orúkọ àti nọ́ńbà rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi sínú mémoire: Code du numérique, òfin Benin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.