Bí a ṣe ń kó ọjà tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì jọ sínú Google Sheets

Ẹni tó bá ń wá bìlẹ́ńdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rí mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀kan wà lórí Jumia, ọ̀kan lórí Konga, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp, òmíràn sì jẹ́ screenshot tó ti rì sáàárín fọ́tò. Nígbà tí owó bá wá dọ́wọ́, èyí tó dára jù náà ni a ò ní rí mọ́. Google Sheets, áàpù Google tí a fi ń to nǹkan sínú àpótí, tó sì ń bá wa ṣírò, tó àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, àkántì Google nìkan ló sì ń béèrè.

Ẹ ṣí i, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ yan "New spreadsheet". Àwọn àpótí kéékèèké ni yóò hàn. Èyí tó tò lóòró, tí wọ́n fi A, B, C sàmì sí, ni òpó. Èyí tó tò ní ìbú, tí wọ́n fi 1, 2, 3 sàmì sí, ni ìlà. Ibi tí òpó D ti pàdé ìlà 2 ni D2.

Nínú ìlà 1, ẹ kọ àkọlé láti A dé H: Ọjà, Ẹni tó ń tà á, Líǹkì, Iye owó, Owó ìgbéwá, Àpapọ̀, Ọjọ́, Ipò. Mẹ́jọ yìí tó. Ẹni tó bá fi ogún bẹ̀rẹ̀, kì í pẹ́ sú u. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ nọ́ńbà 1 tó wà létí òsì mọ́lẹ̀, ẹ yan "Freeze", kí àkọlé má baà kúrò lójú bí ìwé bá gùn.

Ọjà kan, ìlà kan. Bìlẹ́ńdà kan náà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta di ìlà mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ délẹ̀: "bìlẹ́ńdà, líta 1.5, wáàtì 400", kì í ṣe "bìlẹ́ńdà funfun", torí líta àti wáàtì lẹ máa fi mọ̀ bóyá ọjà méjì dọ́gba lóòótọ́.

Òpó D ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti ń ṣàṣìṣe jù. Nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀: 24500. Bí ẹ bá kọ "24500 náírà" tàbí "24.5k", ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ̀rọ kà á sí, kò sì ní lè ṣírò rẹ̀. Ẹ wo ibi tó fara tì: nọ́ńbà máa ń fara ti ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti òsì. Èyí tó bá wà lósì, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un kọ. Bí #VALUE!, àmì pé ẹ̀rọ kò lè ṣírò, bá yọ nínú Àpapọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Nínú F2, ẹ kọ =D2+E2. Ẹ kọ́pì rẹ̀ sí F3, F4, títí dé ìlà tí ọjà parí sí, kó má kọjá ibẹ̀. Bó bá kọjá, àwọn ìlà òfìfo á máa gbé 0 jáde, 0 yẹn ni yóò sì gorí gbogbo ọjà nígbà tí ẹ bá ń tò ó.

Òpó F yìí gan-an la torí ẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí. Ká ní bìlẹ́ńdà àkọ́kọ́ jẹ́ 24500, owó ìgbéwá rẹ̀ 3800. Èkejì jẹ́ 26900, ìgbéwá 1200. Lójú, àkọ́kọ́ ló rọjú. Nínú òpó F, 28300 ni àkọ́kọ́, 28100 ni èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi E sílẹ̀ lófìfo, 0 ni ẹ̀rọ fi í pè, ọjà tí ẹ ò tíì béèrè owó ìgbéwá rẹ̀ yóò sì dà bíi pé òun ló dínwó jù. Àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp kì í sábà sọ ọ́ àyàfi tí a bá bi wọ́n, nítorí náà ẹ bi wọ́n.

Líǹkì máa ń gùn jù. Ẹ gé e láti ibi àmì "?" lọ, kí ẹ sì ṣí i wò. Bí àwọ̀ tàbí ìwọ̀n mìíràn bá yọ, ẹ dá a padà bó ṣe wà.

Ọjọ́ ni ọjọ́ tí ẹ rí iye owó náà. Ẹ fi ọdún ṣáájú, bíi 2026-04-03, torí 3/4 lè di oṣù kẹta lójú ẹ̀rọ kan, oṣù kẹrin lójú òmíràn. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ ṣí líǹkì padà kí ẹ tó sanwó.

Nínú Ipò, ẹ lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Mò ń wò ó", "Mo rà á", "Ó tán". Ẹ má ṣe fi àmì ohùn sí i lónìí kí ẹ yọ ọ́ lọ́la. "Mo rà á" àti "Mo ra a" kì í ṣe ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ, bí ẹ bá sì fẹ́ ṣẹ́ èyí tí ẹ ti rà sọ́tọ̀, ìdajì á sọnù.

Láti mú èyí tó dínwó jù wá sókè lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ lẹ́tà F, ẹ yan "Sort sheet A to Z". Kì í ṣe "Sort range" lórí òpó kan ṣoṣo o: ìyẹn á sún òpó yẹn nìkan, gbogbo ìlà á sì dàrú. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ Ctrl àti Z kíá.

Ẹ lè fi òpó kan kún un fún nọ́ńbà tí a fi ń tọ ẹrù. Ẹ fi àmì ' ṣáájú rẹ̀, bíi '0045871, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á gé odo iwájú dànù.