Ẹ fọ réènbúùtù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ bọ Jik

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Agége àti Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìgbẹ́ kúrò lára réènbúùtù yín dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ bọ omi Jik tó wà lẹ́nu ọ̀nà fáàmù láti pa kòkòrò àrùn, torí ìdọ̀tí ló máa ń pa agbára Jik, tómi yẹn bá ti dúdú omi lásán lẹ ń tẹ̀ o, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ po òmíì (ẹ má pò ó mọ́ kẹ́míkà kankan o, èéfín ẹ̀ léwu gan-an). Réènbúùtù ọ̀tọ̀ tí ò ní kúrò nínú fáàmù ló tiẹ̀ dáa jù. Àmọ́ ẹsẹ̀ nìkan ni réènbúùtù ń dáàbò bò, kò ní kí ìtọ̀ eku àti tẹlẹ́dẹ̀ má kó leptospirosis (àrùn tí kòkòrò inú ìtọ̀ ẹran máa ń fà) ran èèyàn, tọ́wọ́ yín bá légbò ẹ wọ ìbọ̀wọ́.