Bí mo ṣe pààrọ̀ fáàfù ìdí táǹkì wa n'Ílé-Ifẹ̀

Lọ́sàn-án Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, màámi pè mí sẹ́yìnkùlé pé kí n wá wo ìdí táǹkì. Omi ń kán níbi fáàfù, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Bàbá mi ló gbé táǹkì oní-2,000 lítà yẹn sókè nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò sì rántí ẹni tó fọwọ́ kan fáàfù náà láti ìgbà yẹn. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ títí, ó kàn ń yí lásán ni.

Géètì fáàfù ni. Pẹlẹbẹ idẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ máa ń tì wálẹ̀ láti dínà omi. Tírẹ́ẹ̀dì ọ̀pá yẹn, ìyẹn àwọn ìlà tó yí ara rẹ̀ ká, ti jẹ tán, kò gbá pẹlẹbẹ náà mú mọ́. Àyà mi já díẹ̀, torí bí ẹ̀rọ omi èyíkéyìí bá bàjẹ́ nínú ilé, fáàfù yìí ló yẹ ká tì ká tó tú u. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá bàjẹ́, kò sóhun tó wà lókè rẹ̀ tá a lè tì mọ́, bẹ́ẹ̀ omi tó kún táǹkì yẹn wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì.

Mo pe bọ̀dá pọ́ńbà kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Ó ní, "Àbúrò, má ra fáàfù nìkan o. Ra bákì nọ́ọ̀tì mọ́ ọn." Bákì nọ́ọ̀tì ni èyí tó gba ara táǹkì kọjá: orí rẹ̀ wà nínú, nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà níta, wọ́ṣà rọ́bà ló ń dí àlàfo àárín wọn. Mo gba Sábó lọ, mo ra bákì nọ́ọ̀tì, yúníọ̀nù tó ń so páìpù pọ̀ tó sì ṣeé tú, tépù tí wọ́n ń wé mọ́ tírẹ́ẹ̀dì kó má baà jò, àti bọ́ọ̀lù fáàfù oní-íǹṣì kan, èyí tí bọ́ọ̀lù oníhò máa ń yí nínú rẹ̀ láti ṣí omi tàbí láti tì í.

A ò da omi nù. Àwọn aládùúgbò gbé kẹ́ẹ̀gì wá, màámi sì pín in fún wọn títí tó fi kù sí ìsàlẹ̀. Àbúrò mi wọ inú táǹkì lọ gbọ́n èyí tó kù pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀. A ṣí ọmọrí sílẹ̀ gbayawu kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé.

Mo fi ayùn irin gé páìpù lábẹ́ fáàfù, mo sì fi sípánà ńlá di fáàfù náà mú. Mo fagbára sí i. Ni àbúrò mi bá pariwo látinú táǹkì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Bákì nọ́ọ̀tì ń bá a yí o!" Ọpẹ́lọpẹ́ ohùn rẹ̀. Ká ní mo tẹ̀ síwájú ni, ara táǹkì ni ì bá ya, fáàfù wo ló máa wo ìyẹn sàn? Mo na sípánà kejì sí i, ó di orí rẹ̀ mú nínú, mo tú u níta.

Ọrùn fáàfù náà ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ìta rẹ̀ ṣì ń dán bí idẹ, àmọ́ ojú ibi tó ti ṣẹ́ pupa bíi bàbà, mo sì lè fi èékánná họ ọ́. Idẹ jẹ́ àdàlù bàbà àti sínkì. Omi ló ti jẹ sínkì kúrò díẹ̀díẹ̀, tó ku bàbà tó ti di hálẹ̀hálẹ̀.

Mo fi kànrìnkàn fọ etí ihò náà títí ó fi dán lábẹ́ ìka, nítorí iyanrìn kékeré lábẹ́ wọ́ṣà ti tó láti máa jò. Ọwọ́ ni mo fi fún nọ́ọ̀tì le, sípánà ò ju ìdá mẹ́rin yíyí kan lọ. Ní ti tépù, apá ibi tá a ó yí fáàfù sí la máa ń wé e sí. Bí a bá wé e sódì, yíyí náà ni yóò máa tú u. Ìta la ti lo gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti jáde, torí òórùn rẹ̀ léwu níbi tó há. A jẹ́ kó gbẹ dàárọ̀.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo kọ́kọ́ fa omi díẹ̀ sókè, kó kàn ga ju ihò náà lọ. Mo fi tíṣù nu yíká bákì nọ́ọ̀tì: gbígbẹ. Ó rin díẹ̀ níbi yúníọ̀nù, mo tún un fún, ó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà la tó kún táǹkì.

Bí ọwọ́ bọ́ọ̀lù fáàfù bá dúró lọ́nà kan náà pẹ̀lú páìpù, ó ṣí nìyẹn. Bó bá dábùú rẹ̀, ó ti tì. Mo ní kí màámi máa tì í, kí wọ́n sì máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà gan. Ìka méjì péré ni wọ́n fi tì í lọ́jọ́ náà.