Láàbù Àdúgbò: Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Jọ Wá Ojútùú sí Ìṣòro Yín, Kẹ́ ẹ sì Dán An Wò Kẹ́ ẹ Tó Náwó Ńlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí láàbù àdúgbò kì í ṣe. Kì í ṣe ilé ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà, kì í sì í ṣe ibi táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti máa wá la àwọn àgbẹ̀ lóye. Abẹ́ igi lè jẹ́ láàbù, ẹ̀yìnkùlé lè jẹ́ ẹ, kíláàsì tó ṣófo lọ́jọ́ Sátidé náà lè jẹ́ ẹ. Ohun tó ń sọ ọ́ di láàbù ni pé àwọn tí ìṣòro kan ń bá fínra jókòó sójú kan, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ro nǹkan tí wọ́n lè ṣe sí i, wọ́n dán an wò níwọ̀nba, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe. Táwọn èèyàn bá ń pariwo social innovation lab, ohun tí wọ́n ń sọ ò ju èyí lọ.

Mo ń kọ ìwé yìí torí ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ogún ilé tí kòkòrò kan náà ń jẹ àgbàdo wọn, tí kálukú wà nínú yàrá ẹ̀ tó ń dá wá oògùn tiẹ̀. Ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe. Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan ti rí ọ̀nà sí i ní ojúlé kẹta, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn wo ló yẹ kó wà níbẹ̀

Èèyàn méje sí mẹ́wàá ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kó ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ, ìyẹn ti di ìpàdé ìlú, ọ̀rọ̀ ló máa pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ò ní sí. Ẹni tí ìṣòro náà kàn jù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe aṣojú ẹ̀ o, òun fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, ẹni tó ń pọn ọ́n ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má pe baálé ilé tó kàn ń mu ún. Ẹ wá àwọn ọ̀dọ́, ẹ wá ẹnì kan tó mọ ìwé kọ dáadáa, kẹ́ ẹ sì wá ẹnì kan tí kò gbà pé nǹkan yìí lè ṣiṣẹ́, torí irú wọn ló máa ń béèrè ìbéèrè táwọn yòókù ń tijú láti béèrè. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ẹnì kan mọ ọ̀rọ̀ sọ kẹ́ ẹ sọ ọ́ di alága. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló yẹ kó máa darí ìjókòó.

Mímú ìṣòro tó ṣeé dán wò

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń ṣìnà, torí náà mo máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. "Òṣì ń bá wa jà" jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò ṣeé dán wò. "Àgbàdo tá a kó sílé kì í pé oṣù mẹ́ta kí kòkòrò tó dá a lu" ṣeé dán wò, ẹ ti mọ nǹkan tó ń bà jẹ́, ẹ mọ ibi tó ti ń bà jẹ́, ẹ mọ ìgbà tó ń bà jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì láti fi wò kiri. Ẹ lọ sílé èèyàn, ẹ lọ sóko, ẹ má gbé fọ́ọ̀mù gígùn dání. Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé "kí lẹ fẹ́?", ohun tí wọ́n rò pé ó wà nínú báàgì yín ni wọ́n máa dárúkọ. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ béèrè pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe, ta lẹ sáré lọ bá, báwo ni àgbàdo tó ṣẹ́ kù nínú àpò ṣe pọ̀ tó nígbà tẹ́ ẹ tú u. Kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n fi hàn yín. Ojú máa ń rí nǹkan tí ẹnu ò ní sọ.

Nǹkan kejì tẹ́ ẹ máa wá kiri ni ilé tí nǹkan ti ń dáa, tó sì jẹ́ pé ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù náà ni wọ́n ní. Lọ́dún 1990 ni Jerry Sternin àti ìyàwó ẹ̀ Monique lọ sí Vietnam fún àjọ Save the Children, àìjẹunrekánú ń dá àwọn ọmọdé lóró níbẹ̀, oṣù mẹ́fà péré sì ni ìjọba fún wọn láti fi iṣẹ́ hàn. Wọn ò kó oúnjẹ wá. Wọ́n ní káwọn ará abúlé gbé gbogbo ọmọ sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n wá wo àwọn ilé tálákà tí ọmọ wọn sanra. Wọ́n rí i pé àwọn ìyá yẹn máa ń ṣa edé àti akàn kéékèèké inú oko ìrẹsì pẹ̀lú ewé ọ̀dùnkún sínú oúnjẹ ọmọ, wọ́n sì ń fún ọmọ lóúnjẹ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Gbogbo ilé ló lè rí edé yẹn, àmọ́ ọ̀pọ̀ gbà pé kì í ṣe oúnjẹ ọmọdé. Nígbà táwọn ìyá yòókù wá ń kọ́ ọ, ṣe ni wọ́n jọ ń sè é, tí kálukú ń mú edé àti ewé tiẹ̀ wá, wọn ò kàn jókòó gbọ́ ìwàásù.

Ẹ fi páálí ṣe é kẹ́ ẹ tó fi irin ṣe é

Mo ti wà níbi tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn gbẹ nǹkan wá fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan. Àwọn tó gbé e wá ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ̀rọ náà rẹwà, ó sì ń gbẹ nǹkan lóòótọ́. Àmọ́ pẹpẹ òkè ẹ̀ ga ju èjìká ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Mo wo màmá kan bó ṣe gun orí búlọ́ọ̀kù, tó gbé tíréè tó kún lé àyà, tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ni tíréè bá dojú dé, gbogbo ẹ̀ fọ́n sílẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ṣa èyí tó ṣeé ṣà, wọ́n sì padà sórí ẹní tí wọ́n ti ń sá nǹkan tẹ́lẹ̀. Kí oṣù kejì tó pé, adìyẹ ló ń sùn nínú ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, torí ọ̀pá mẹ́rin àti páálí tá a bá gbé kalẹ̀ níwájú wọn ì bá ti fi hàn wá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé ibẹ̀ ga jù.

Torí náà ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rò, ẹ fi nǹkan yẹpẹrẹ ṣe àwòṣe ẹ̀ ná, ẹ gbé e fún ẹni tó máa lò ó, kẹ́ ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ máa wò ó.

Dídán an wò

Àgbàdo yẹn náà ni n ó fi ṣàlàyé. Àpò onípele mẹ́ta kan wà, ọ̀rá méjì tó nípọn nínú, àpò híhun kan níta, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980 ní Cameroon fún ẹ̀wà. Tẹ́ ẹ bá fún atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde tẹ́ ẹ sì dì í pinpin, kòkòrò tó wà nínú á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní lè jẹun mọ́, á kú, láìlo oògùn kankan. Kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí ẹ̀ le dáadáa náà lè ṣe é, kẹ́ ẹ ṣáà ti kún un dẹ́nu.

Àmọ́ nǹkan kan wà tó lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́: tí àgbàdo ò bá gbẹ, ṣe ló máa bu sínú ibẹ̀. Ẹ wá ìgò kan tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ da àgbàdo díẹ̀ sí i, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ kún un, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi tó wà lára àgbàdo yẹn ṣì ju ìdá 15 nínú 100 lọ, ẹ tún un sá. Tí iyọ̀ bá ń yọ̀ wálẹ̀ tí ara ìgò mọ́, ó ti gbẹ tó.

Wàyí o, ẹ mú àgbàdo kan náà, tí wọ́n ká lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kó apá kan síbi tẹ́ ẹ ti ń kó o sí tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ kó apá kejì sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké mẹ́ta. Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta ni pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí kẹ́ẹ̀gì ni atẹ́gùn tuntun ń wọlé fún kòkòrò, torí náà ọ̀kan lẹ máa ṣí lóṣù kìíní, òmíràn lóṣù kejì, ìkẹta lóṣù kẹta. Lóṣooṣù, ẹ fọwọ́ bu 100 ẹyọ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìṣà á, ẹ ka iye tó ti lu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ilé mẹ́ta ó kéré tán ṣe é. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ti jọ fẹnu kò lórí iye tó bá lu tẹ́ ẹ máa gbà pé kò ṣiṣẹ́, torí téèyàn bá ti fẹ́ràn nǹkan, ó máa ń wá àwáwí fún un.

Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi gbogbo ìkórè ilé kan dán nǹkan wò láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò gbọ́dọ̀ dán oògùn wò lára èèyàn, iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìyẹn.

Àwọn àgbẹ̀ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ó sì so èso rere. Ní Indonesia, kòkòrò tó ń fa omi ara ìrẹsì mu ń da oko rú, bí wọ́n ṣe ń fín oògùn ló ń pọ̀ sí i, torí oògùn yẹn ń pa aláǹtakùn àtàwọn kòkòrò míì tó ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 1986 ìjọba fòfin de oríṣi oògùn 57 lórí ìrẹsì, nígbà tó sì di 1989, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ inú oko bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí àgbẹ̀ 25 ló ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á wọ inú oko, wọ́n á ka kòkòrò, wọ́n á yàwòrán ohun tí wọ́n rí, wọ́n á fi oko tí wọ́n ń fín bíi ti tẹ́lẹ̀ wé èyí tí wọ́n kàn ń ṣọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń pinnu bóyá kí wọ́n fín in.

Mítìn, ìwé, owó

Mítìn ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, kó sì jẹ́ àsìkò tó bá àwọn abiyamọ lára mu, kẹ́nì kan máa bójú tó àwọn ọmọ. Tó bá kan ìpinnu, ẹ lè fún kálukú ní òkúta mẹ́ta kó fi sórí ohun tó fẹ́, ẹni tí ò mọ̀wé kà á lè dìbò, onítìjú náà á lè dìbò.

Ìwé kan ni kẹ́ ẹ ní, kó ní déètì, ohun tá a ṣe, ohun tá a rí, ohun tó kàn. Ẹ kọ èyí tí ò ṣiṣẹ́ náà sí i, kẹ́ ẹ kọ ìdí ẹ̀, kí ẹlòmíì má bàa tún fi ọdún kan ṣe é. Ẹ máa ya fọ́tò látojú ibì kan náà ní gbogbo ìgbà.

Ní ti owó, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ná an, kí ẹni méjì ó kéré tán máa buwọ́ lùwé, kí ìwé owó sì wà ní ṣíṣí fún gbogbo èèyàn. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fún yín lówó ńlá kẹ́ ẹ tó dán ohunkóhun wò, ẹ rọra. Owó ńlá máa ń gbé ìlànà tiẹ̀ dání, kí ẹ tó mọ̀, ìṣòro ẹni tó fún yín lówó lẹ ti ń yanjú.

Tó bá ṣiṣẹ́

Ẹ má kéde ẹ̀ lẹ́yìn ìkórè kan. Ẹ ṣe é ní sáà méjì ná, kẹ́ ẹ sì pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n fọwọ́ kàn án fúnra wọn. Ní Burkina Faso, nígbà tí àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ tó le gbagidi, tó ń da ìgbẹ́ ẹran sí i kí òjò tó dé, àwọn èèyàn ní orí ẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí ilẹ̀ yẹn wá ń so, kò fi pamọ́, ó ń pe àwọn àgbẹ̀ jọ sóko ẹ̀ kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n sì pààrọ̀ irúgbìn. Lọ́dún 2018 ló gba àmì ẹ̀yẹ Right Livelihood. Táwọn tó wá wo tiyín bá yí i padà díẹ̀ nígbà tí wọ́n délé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i, kẹ́ ẹ sì lọ wo ohun tí wọ́n yí, torí ó lè dáa ju tiyín lọ.

Tí ìṣòro yẹn bá ti yanjú, láàbù lè mú òmíràn tàbí kó tú ká, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tú ká, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ìwé yẹn sórí fóònù ẹni mẹ́ta tí ilé wọn ò sún mọ́ra, torí omi àti ikán, kẹ́ ẹ wá gbé ìwé fúnra ẹ̀ fún ẹni tí gbogbo yín mọ̀ pé kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.