Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Àwọn Ọmọ Kéékèèké Nínú Kírẹ́ẹ̀ṣì Inú Ilé

Ní àdúgbò wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tí àwọn ìyá á ti máa kan géètì mi. Ọ̀kan ń sáré lọ sí ọ́fíìsì ní Alágbàká, èkejì fẹ́ tètè pàtẹ ní Ọjà Ọba. Wọ́n á gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú báàgì oúnjẹ rẹ̀, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ bá mi mójú tó o o." Iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ máa gba ọmọ sílé, àti ẹni tó ti ń gbà á.

Ẹ má gba ọmọ ju agbára yín lọ

Ẹ bi ara yín pé: bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ilé yìí, ṣé mo lè kó gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà? Ọmọ ọwọ́ méjì ni ènìyàn kan lè gbé sáré. Nítorí náà, méjì péré ni mò ń gbà fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó wà nílé, pẹ̀lú bíi mẹ́ta tó ti ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń bá yín fọ abọ́ kì í ṣe àgbàlagbà. Ẹ má ka tirẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ọmọ tó dé, ẹ rákò yí ilé ká

Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wo ilé láti ibi tí ojú ọmọ wà. Ẹ ó rí abẹ́rẹ́ lábẹ́ àga, wáyà tó ń fì, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí.

Omi ni mo kọ́kọ́ ń mójú tó. Ẹ fi ìdérí onírin bo kànga, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń fọ aṣọ, ẹ dà á nù kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Orí ọmọ kékeré tóbi, ó sì wúwo, bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀. Bó bá dojú kọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò lè gbé ara rẹ̀ jáde, omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ sì tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀. Kò ní pariwo.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìgò. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ wa, ó sì wọ́pọ̀ kí ènìyàn bá ìyókù oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rọ kẹrosíìnì sínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì kò mọ̀ pé kì í ṣe ohun mímu. Ẹ má rọ májèlé sínú ìgò ohun mímu láé, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ sókè, sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta, kó jìnnà sí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde kò ní òórùn tí ènìyàn á fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ máa pe orúkọ wọn

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá kan bínú sí mi lẹ́ẹ̀kan tó gbọ́ tí mo ń ní, "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta." Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ ni mò ń pè, mo sì rí i pé ó dára ju kíkà lọ. Iye lè pé nígbà tí ọmọ kò pé: ọmọ aládùúgbò wọlé, tiwa jáde, ẹ ka mẹ́fà, ọkàn yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe orúkọ, tí ẹ wojú ẹni tó dáhùn, kò sí ìtànjẹ níbẹ̀.

Ẹ máa pè é nígbàkigbà tí wọ́n bá kúrò níbì kan bọ́ síbòmíràn: láti àgbàlá wọlé, kí wọ́n tó jẹun, lẹ́yìn ilé ìgbẹ́. Ó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn tí nǹkan kan bá fa ojú yín kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń sanwó fún ẹlẹ́ja ní géètì. Kò pẹ́ rárá. Mo padà, mo pe orúkọ, ẹnì kan kò dáhùn. Ilé ìwẹ̀ ni mo ti bá a, ó di etí bọ́kẹ́ẹ̀tì mú, sálúbàtà rẹ̀ kan ti wà nínú omi. Èmi ni mo gbàgbé láti da omi yẹn nù. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan géètì tí mo dá wà, ó di kó dúró de ìrọ̀lẹ́.

Oúnjẹ

Kí wọ́n jókòó jẹun, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Ẹ̀pà, gúgúrú àti súìtì líle kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ní àsìkò àgbálùmọ̀, àwọn ìyá máa ń fi méjì mẹ́ta sínú báàgì. Mo máa ń yọ ọ́, mà á dá a padà nírọ̀lẹ́, torí kóró rẹ̀ lè dí ọmọ lọ́fun.

Ẹ má rọ ọmọ. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn, ṣùgbọ́n ògì tí a fi àtẹ́lẹwọ́ dà sí ọmọ tó ń ké lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Oorun

Ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́ lélẹ̀, lórí ibùsùn tó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ tó lè bò ó nímú. Kó dá sùn. Ẹ máa wò ó léraléra.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Bó bá ń bì í, yóò bá èémí wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pani. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Bí omi gbígbóná bá jó o, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná.

Bí nǹkan bá há a lọ́fun tó ṣì ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Bí ohùn kò bá jáde mọ́, tí kò sì tíì pé ọdún kan, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ dá a padà, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi jáde. Ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ gbá a bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, kí ẹ fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ẹ kọ 112, nọ́ńbà tí a ń pè nígbà pàjáwìrì, sára ògiri, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn òbí. Ilé ìwòsàn Mother and Child wà ní Òkè-Àró níbí. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì ti bá ọlọ́kadà tàbí onítakisí kan sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ

Ẹ ní ìwé tí òbí kọ orúkọ àwọn tó lè mú ọmọ rẹ̀ sí. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ bá dé, ìbáà jẹ́ àbúrò bàbá ọmọ, ẹ fún un ní àga àti omi tútù, kí ẹ pe ìyá ọmọ lórí fóònù. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó ṣí géètì.