Leptin ga, adiponectin wálẹ̀: kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ni ṣíṣe?

Ìbéèrè: Èsì àyẹ̀wò ní leptin mi ga. Mo sì gbọ́ pé leptin ló ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé òun ti yó. Ṣé kì í ṣe ohun rere nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe leptin. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dé ọpọlọ, láti lọ jíṣẹ́ pé oúnjẹ ṣì wà ní ìpamọ́. Bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀ ni leptin ń pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller, ní New York, lọ́dún 1994, ọ̀pọ̀ ló rò pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ sísanra. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó sanra ti ní in yanturu, ọpọlọ ni kò kọbi ara sí i mọ́. Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, ṣé ó ṣì ń gbọ́ ariwo rẹ̀?

Ẹ má sì fi èsì àárọ̀ wé ti alẹ́, torí leptin máa ń ga lóru. Leptin obìnrin tún máa ń ju ti ọkùnrin lọ.

Ìbéèrè: Adiponectin ńkọ́? Ọ̀rá mi pọ̀, kí ló dé tí òun fi kéré?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ló máa ń rú èèyàn lójú. Ọ̀rá ló ń ṣe òun náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá inú ikùn, èyí tó yí ìfun ká, bá ṣe ń pọ̀ ni òun ń dín kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ran ínsúlínì, tó ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, lọ́wọ́, kí ẹ̀dọ̀ má baà máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá wálẹ̀, ínsúlínì á máa kanlẹ̀kùn, ara ò ní tètè ṣí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n tí wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà. Nanogram ni ti leptin, microgram ni ti adiponectin, ẹgbẹ̀rún nanogram ló sì wà nínú microgram kan. Leptin 20 àti adiponectin 5 jọ pé leptin ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ adiponectin fi ìlọ́po 250 jù ú lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n lọ tún àyẹ̀wò méjèèjì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó yẹn ra téèpù télọ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí dókítà nílò kó tó lè sọ pé ẹnì kan ní metabolic syndrome, ìyẹn àkójọ àmì tó ń mú kí ewu àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ pọ̀ sí i. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò, mẹ́ta tó bá pé ti tó: ikùn tó tóbi, triglycerides (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) tó dé 1.7 mmol/L, HDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó dára) tí kò tó 1.0 fún ọkùnrin tàbí 1.3 fún obìnrin, ẹ̀jẹ̀ ríru tó dé 130 lókè tàbí 85 nísàlẹ̀, àti ṣúgà àìjẹun tó dé 5.6 mmol/L. Ẹni tó ń lo oògùn sí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á ka ìyẹn mọ́ ọn, kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti dára.

Fún àwa ọmọ Áfíríkà, 94 sẹ̀ǹtímítà ni IDF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àtọ̀gbẹ, ń lò fún ikùn ọkùnrin, 80 fún obìnrin. Ìlànà Amẹ́ríkà ti 2001 ní 102 àti 88, ìdí nìyẹn tí dókítà méjì fi lè sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ikùn kan náà.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ dúró, ẹ ká ẹ̀wù sókè. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn, ẹ wá orí egungun ìbàdí. Àárín méjèèjì ni téèpù ń gbà. Kó tẹ́jú bákan náà níwájú àti lẹ́yìn, kó kan ara, kó má fún un. Ẹ mí síta jẹ́jẹ́, kí ẹ tó kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé, ta lẹ fẹ́ tàn? Ibi tí ṣòkòtò ń sinmi sí lábẹ́ ikùn kọ́ o: èèyàn lè máa wọ sáìsì kan náà láti ogún ọdún, kí ikùn rẹ̀ ti kọjá 105.

Ìbéèrè: Triglycerides mi dára. Ṣé mo ti bọ́?

Ìdáhùn: Kò tíì dájú. Nínú àwa aláwọ̀ dúdú, triglycerides lè wà nílẹ̀ kí ínsúlínì má sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ikùn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti HDL ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ìbéèrè: Láàbù kan ní ṣúgà mi jẹ́ 5.2, èkejì ní 103. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ìwọ̀n wọn ló yàtọ̀: mmol/L ni 5.2, mg/dL ni 103. Ẹ kọ́kọ́ fi 18 pín 103: ó di 5.7. Wọn ò jìnnà síra tó bí ẹ ṣe rò, ṣùgbọ́n ààlà 5.6 wà láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sílẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, bíi 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan. Tó bá jókòó wákàtí méjì lórí tábìlì, 5.7 lè di 5.2. Ẹ bèèrè bóyá ìgò onídèérí aláwọ̀ eérú, èyí tó ń dín jíjẹ ṣúgà yẹn kù, ni wọ́n lò, àti bóyá wọ́n tètè gbé e sẹ́rọ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 8 sí 12 láìjẹun. Omi lásán nìkan ni kí ẹ mu, kí ẹ má mu ọtí lálẹ́ àná rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti jò, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí ju tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdáhùn: Bí ọ̀rá ṣe ń lọ, leptin náà ń lọ, ọpọlọ á sì rò pé ìyàn mú. Ara yín ló ń pè yín padà, kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ẹ má fi ebi pa ara yín: ẹni tó wọn 90 kílò, tó bá fi kílò 4.5 sí 9 jò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ á ti yàtọ̀. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ, kí òkèlè kéré sí i. Ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́, ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ sì tètè sùn, torí àìsùn tún ń fa leptin wálẹ̀.