Ta ló yẹ kó rí kí ni nínú Snipe-IT? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Snipe-IT tọ́jú àkọsílẹ̀ láptọ́ọ̀pù àti ẹrù ọ́fíìsì yín, ẹjọ́ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu yín ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí.

Òṣìṣẹ́ Abẹ́òkúta ń rí ẹrù Ìbàdàn.
Ẹ lọ tan Full Multiple Companies Support nínú Admin Settings. Òun ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí kìkì ẹrù Company tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka rẹ̀.

Mo ti tàn án, ó ṣì ń rí i.
Superuser lẹ fi í ṣe, ìyẹn ẹni tó ní gbogbo àṣẹ. Kò sí ààlà tó ń dá superuser dúró. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Group rẹ̀ (ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ ń gba àṣẹ kan náà) ní àṣẹ, síbẹ̀ kò ráyè wọlé.
Ẹ wo àṣẹ tó wà lórí orúkọ òun fúnra rẹ̀. Bí Deny (ìkọ̀sílẹ̀) bá wà níbẹ̀, ó borí ti group. Ẹ yí i sí Inherit, kó lè máa tẹ̀ lé ti group.

Àṣẹ ọ̀gá ẹ̀ka pé, àmọ́ púpọ̀ nínú ẹrù ẹ̀ka rẹ̀ kò hàn sí i. Ṣé wọ́n ti jí i ni?
Ẹnikẹ́ni ò jí i. Èyí ló fún mi ní wàhálà jù. Níbi tí mo ti bá a pàdé, ọ̀gá ti ń fojú olè wo ẹni tó ń tọ́jú ẹrù, bẹ́ẹ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń wá wà lórí tábìlì níwájú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Mo yẹ àṣẹ wò, mo yẹ group wò, kò sí àléébù. Ìgbà tí mo wọlé bíi superuser tí mo sì jẹ́ kí òpó Company hàn nínú àkójọ ẹrù ni mo tó rí i: òmíràn jẹ́ “Ibadan”, òmíràn “Ibadan Branch”, òmíràn “Ibadan Office”, àwọn kan sì ṣófo pátá. Bó ṣe wu ẹni tó ṣe CSV, fáìlì tí wọ́n fi kó ẹrù wọlé, ló kọ ọ́. Bí orúkọ tó wà nínú CSV kò bá sí nílẹ̀, ńṣe ni Snipe-IT máa dá tuntun sílẹ̀. Lójú ènìyàn, ẹ̀ka kan náà ni. Lójú Snipe-IT, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹrù tí kò sì ní Company, ẹni tó ní Company kò lè rí i.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín. Ẹ mú orúkọ kan, ẹ ṣa àwọn ẹrù náà, kí ẹ fi bulk edit (àtúnṣe ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) kó gbogbo wọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yẹ àwọn òṣìṣẹ́ náà wò, torí ẹni tí Company tirẹ̀ ṣófo, kìkì ẹrù tí kò ní Company ló máa rí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àwọn orúkọ tó ṣẹ́ kù rẹ́. Èyí tó bá kọ̀ tí kò parẹ́, nǹkan kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá a rí.

Ẹ má ṣe wọ inú database, ibi tí Snipe-IT ń kó àkọsílẹ̀ sí, lọ fọwọ́ tún un ṣe. Bó bá dà bíi pé ibẹ̀ nìkan ló kù, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ètò míì tí a so mọ́ Snipe-IT nípasẹ̀ API (ọ̀nà tí ètò kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀) ń rí ẹrù gbogbo ẹ̀ka.
Token ni kọ́kọ́rọ́ tí ètò náà fi ń wọlé, agbára ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ló sì ń lò. Bó bá jẹ́ superuser ló ṣe èyí tí ẹ ń lò, ẹ pa á rẹ́ lónìí. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ètò náà, ẹ fún un ní Company tó yẹ kó rí, àti àṣẹ láti wò àti láti ṣe token nìkan, kí ẹ tó ṣe token mìíràn láti ibẹ̀.